Òkò Tí Ọkọ̀ Asáré Kò Lè Yẹ̀

Òkò tí ẹyẹ bá rí kì í pa ẹyẹ. Ẹyẹ ní ojú, ó ní ìyẹ́, ó sì lè gbéra kí òkò tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí táyà tírélà tó wà níwájú bá ta òkúta wẹ́wẹ́ sókè lójú pópó, tí ẹ̀yin náà sì ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ yà fún un. "Tàá!" lẹ ó kàn gbọ́ lára bónẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá délé tí ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó, ẹ ó rí ojú kékeré kan tí kò tó orí ìṣáná, níbi tí ọ̀dà ti ṣí kúrò. Kí ọdún tó yípo, irú ojú bẹ́ẹ̀ lè kún imú ọkọ̀ tí ẹ fi òógùn ojú yín rà.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń béèrè bóyá ó yẹ kí èèyàn fi PPF, ike tó mọ́ gaara tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orí ọ̀dà, bo ọkọ̀ asáré. Èmi gbà pé ó yẹ, fún iwájú ọkọ̀ àti fún ibi tí táyà rẹ̀ ń ju òkúta sí, bó bá jẹ́ pé ẹ ń wa ọkọ̀ náà ní tòótọ́. Bó bá ti kọjá ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ rò ó, torí owó kékeré kọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń rà. Polyurethane ni wọ́n fi ń ṣe ike yìí. Ó rọ̀, ó ń nà, ó sì sábà máa ń nípọn tó 0.2 mílímítà. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé kò jẹ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀dà ilé iṣẹ́ tó wà lára ọkọ̀, láti orí èyí tí wọ́n fi ń dènà ìpẹtà nísàlẹ̀ títí dé èyí tó ń dán lókè pátápátá, kì í sábà ju 0.1 sí 0.15 mílímítà lọ. Ike náà nípọn ju gbogbo ọ̀dà tó ń dáàbò bò lọ. Ogun ló bí i. Nígbà tí Amẹ́ríkà ń jà ní Vietnam, iyanrìn àti pàǹtírí ń jẹ abẹ̀bẹ̀ orí hẹlikọ́pítà wọn, ni ilé iṣẹ́ 3M bá ṣe ike fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ ọn láìdá ìwúwo púpọ̀ kún un. Ẹ̀yìn ìyẹn làwọn tó ń fi mọ́tò díje gbà á lò, kó tó wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wa ọkọ̀ tirẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Èyí tó dára nínú wọn lónìí tún ní awọ kan lókè tó ń sàn fúnra rẹ̀. Bí àkísà ìnukọ̀ bá ha á, tí oòrùn bá pa á tàbí tí ẹ da omi gbígbóná sí i, ilà náà á rá. Ìhà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni mo ń wí o. Èyí tó bá ti la ike já kò ní sàn láéláé.

Iwájú iwájú ni ọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí, iwájú náà sì ni òkúta ti ń bá ọkọ̀ asáré jù. Imú rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀, bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ níbi tí òkúta ń gbà kọjá. Eré sì tún ń dá kún un, lọ́nà tí ọ̀pọ̀ kò fọkàn sí. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí òkúta fi ń gbá ọkọ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Òkúta kan náà tí ì bá kàn ró lára ọkọ̀ nígbà tí ẹ ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan, bí ẹ bá pàdé rẹ̀ ní 120, ó lè ṣí ọ̀dà dé irin.

Ọ̀tá kejì kò jìnnà: táyà ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni. Táyà ọkọ̀ asáré fẹ̀, rọ́bà rẹ̀ sì rọ̀ kó lè di títì mú dáadáa. Bó bá ti gbóná, á máa ṣa òkúta wẹ́wẹ́ nílẹ̀, á sì máa jù ú sẹ́yìn, sára ọkọ̀ tó ń gbé. Ẹ wo Porsche 911, ọkọ̀ Jámánì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde fún aráyé rí ní Frankfurt lọ́dún 1963. Ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju àyà rẹ̀ lọ, ibi tí ìdí náà ti yọ síta níwájú táyà ẹ̀yìn ni táyà iwájú sì ń sọ òkúta lù. Porsche mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń lẹ ike kékeré mọ́ ibẹ̀. Ẹ fi ìka yín tọ́ fẹ́ńdà ẹ̀yìn náà lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó kan etí rẹ̀. Chevrolet Corvette, láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sẹ́yìn awakọ̀ nínú èyí tí wọ́n pè ní ti ọdún 2020, ti ní irú ìdí fífẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, ìyà kan náà ló sì ń jẹ ẹ́. Nítorí náà, bí oníṣẹ́ bá sọ fún yín pé iwájú nìkan ni òun ń bò, ẹ bi í léèrè nípa ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti fẹ́ńdà ẹ̀yìn. Bí kò bá mọ ohun tí ẹ ń sọ, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Houston ní Texas, torí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló fi ibẹ̀ ṣe ilé, pópó ńláńlá sì gba inú ìlú náà kọjá. Ẹni tó bá ń gba I-10 tàbí I-45 lójoojúmọ́ mọ àwọn típà tó ń ru iyanrìn àti òkúta, ó sì mọ ibi tí wọ́n ti ń tún títì ṣe. Oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nǹkan mìíràn tún wà tí ẹni tó ń gbé ibòmíràn kò ní tètè rò. Nínú oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹsàn-án, kòkòrò dúdú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní lovebug máa ń ya bo agbègbè etí òkun náà. Akọ àti abo á so mọ́ra wọn, wọ́n á máa fò gbéregbère lórí títì, ọkọ̀ á sì máa pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ. Bí òkú wọn bá sùn sí bọ́ńpà, tí oòrùn ọjọ́ kejì bá tún pa á mọ́ ọn lára, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀dà, àmì rẹ̀ kì í sì í lọ bọ̀rọ̀. Ẹni tó fi ike bo bọ́ńpà náà gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá gbà á lọ́kàn tí kò tètè rí i fọ̀, ara ike ni ìjẹ náà máa mọ.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ní Amẹ́ríkà, láti bo gbogbo iwájú, ìyẹn bọ́ńpà, bónẹ́ẹ̀tì, fẹ́ńdà méjèèjì àti ẹ̀yìn gíláàsì ìwẹ̀yìn, sábà máa ń gba nǹkan bí 1,500 sí 3,000 dọ́là. Gbogbo ara ọkọ̀ láti imú dé ìdí sábà máa ń gba 5,000 sí 8,000, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá gbé owó náà sí ẹ̀gbẹ́ owó ọkọ̀. Ẹni tó ra 911 tuntun tó ju 100,000 dọ́là lọ, tó sì ná 2,500 sórí iwájú rẹ̀, kò ná tó 3 nínú 100. Mo gbà á níyànjú pé kó ná an, kó má wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra Mazda MX-5 ní nǹkan bí 30,000, tó wá fi 6,000 bo gbogbo ara rẹ̀, ti ná ìdá márùn-ún owó ọkọ̀ sórí ike. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹni bẹ́ẹ̀ ì bá bo bọ́ńpà, iwájú bónẹ́ẹ̀tì àti ibi tí táyà ń ju òkúta sí, kó fi èyí tó kù ra epo, kó máa gbádùn ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Oríṣi ọ̀dà méjì ló lè yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ọ̀kan ni ọ̀dà tí kì í dán. Ẹ kò lè fi ohunkóhun ra á kí ìhà ara rẹ̀ lọ, torí bí ẹ bá ra á, ibẹ̀ á máa dán, á sì dá yàtọ̀ gedegbe. Tó bá ti hà, àfi kí wọ́n tún gbogbo abala náà kùn. Ẹni tó ní irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ tó sì bo ọkọ̀ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, n kò ní bá a wí. Èkejì ni àwọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà oríṣiríṣi tò léra, bí àwọ̀ pupa tí Mazda ń pè ní Soul Red. Akunmọ́tò tó mọṣẹ́ dáadáa gan-an ṣì lè kùn ún kó má bá ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mu.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí a kò ní dúró kí òkúta ta á tẹ́rùn, ká wá tún un kùn. Wọ́n á pa á lówe pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Fún ilé ọba, mo gbà. Fún ọkọ̀ asáré, n kò gbà. Nílé iṣẹ́, ara ọkọ̀ onírin nìkan ni wọ́n ń ti bọ inú ààrò tó gbóná kọjá 120 dígírì, kó tó di pé wáyà, ìjókòó àti ike inú ọkọ̀ wọlé. Lọ́dọ̀ akunmọ́tò, kò sẹ́ni tó lè yan ọkọ̀ tó ti pé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ iwájú á mú ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ìnípọn ọ̀dà dání. Bó bá gbé e lé bónẹ́ẹ̀tì tó sì rí iye tó pọ̀ ju ti ilẹ̀kùn lọ fíìfíì, ohun àkọ́kọ́ tí yóò wá sí i lọ́kàn ni pé ọkọ̀ yìí ti forí sọ nǹkan rí. Ẹ ó máa ṣàlàyé, kò ní gbọ́. Fún ẹni tó bá ń ra Corvette, kí n fi èyí kún un: láti ọdún 1953 ni ara ọkọ̀ náà kì í ti í ṣe irin, nítorí náà ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé lé irin kò ní sọ ohunkóhun fún yín. Èyí tó ń fi ìró wọ̀n ọ́n lẹ nílò.

Síbẹ̀, ẹ má tìtorí àtitún tà bo ọkọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń tà á fi ń fa ojú oníbàárà mọ́ra nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra ọkọ̀ àlòkù kì í dá owó ike padà. Inú rẹ̀ á dùn sí ọ̀dà tó mọ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ike bá sì ti lo ọdún mẹ́jọ lára ọkọ̀, tó ti ń pọ́n, iṣẹ́ ló di sí ẹni tó rà á lọ́rùn, torí òun ni yóò san owó àtibó o kúrò. Ẹ bò ó torí ara yín, kí ẹ lè máa wa ọkọ̀ náà láìsí pé ọkàn yín ń já ní gbogbo ìgbà tí típà bá wà níwájú.

A kì í ṣe Ifá kó má hùwà èkùrọ́. Ike ni ike ń jẹ́. Aṣọ oko ni mo ń fi í wé: a wọ̀ ọ́ kí ẹ̀gún lè fà á ya dípò ara wa. Òkúta ńlá á dá a lu. Bí ọkọ̀ mìíràn bá gbá yín, ibẹ̀ á tẹ̀ wọnú pẹ̀lú ike lórí. Ìwé àdéhùn tí ilé iṣẹ́ ike ń fúnni, tó sábà máa ń jẹ́ ti ọdún mẹ́wàá, wà fún ike tó bá pọ́n, tó bá sán, tó bá lé ròrò tàbí tó bá ń ṣí. Kò sí ti èyí tí òkúta bá fà ya níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé ceramic tí wọ́n ń fi pa ọ̀dà lè dènà òkúta, ẹ má gbà á gbọ́. Ó ń jẹ́ kí omi tètè ṣàn kúrò, ó ń jẹ́ kí ìdọ̀tí rọrùn láti fọ̀, ṣùgbọ́n ó tínrín débi pé kò lè ṣe nǹkan kan sí òkúta tó ń sáré bọ̀.

PPF ti wọ Èkó náà, a sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ibẹ̀ lọ́tọ̀, torí ohun tó ń bá ọkọ̀ jà níbẹ̀ yàtọ̀. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọwọ́ ọ̀kadà àti ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá ń ha ọkọ̀ ju òkúta lọ. Ike lè gba ìhà díẹ̀, kò lè gba ìfarakọ́ danfó. Ibi tí mo ti rí àǹfààní rẹ̀ jù ni ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ afọkọ̀. Fóòmù kan náà tí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó kún fún yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń rì bọ inú korobá, òun náà ni wọ́n sì ń gbé lé orí bónẹ́ẹ̀tì. Yẹ̀pẹ̀ inú fóòmù náà á ha ọ̀dà dúdú kiri, tí ẹ bá wò ó nínú oòrùn, ilà róbótó-róbótó á kún ara rẹ̀. Ara ike tó ń sàn fúnra rẹ̀ fara da èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ ni ọkọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá wọ́n ti tún un kùn kó tó wọkọ̀ ojú omi. Ọ̀dà tí wọ́n kùn láìfọ ara irin dáadáa lè bá ike ṣí kúrò lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ bó o, ẹ kò sì ní rí ẹni mú.

Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, èyí ló ká mi lára jù: ọwọ́ tó lẹ ike ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀ lọ. XPEL, 3M, SunTek, gbogbo wọn ló ní ike tó dára. Iṣẹ́ tí kò dára ló ń ba ọkọ̀ jẹ́. Oníṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe á kọ́kọ́ fọ ọkọ̀, á yọ ọ̀rá àti ẹ̀tù irin tó há sára ọ̀dà, á ra ìhà tó wà níbẹ̀ kúrò, torí ohunkóhun tí ike bá bò mọ́lẹ̀ ti di ohun tí ẹ ó máa wò nìyẹn. Lẹ́yìn náà, á fún omi ọṣẹ sára ọkọ̀ àti sí ojú gọ́ọ̀mù ike, kó lè máa yọ̀ títí yóò fi bọ́ sí ipò rẹ̀. Á wá fi rọ́bà pẹlẹbẹ ti omi jáde láti àárín lọ sí etí, díẹ̀díẹ̀, kò ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kù sábẹ́. Ẹ tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀ bó bá dé igun bọ́ńpà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á fa ike náà ju bó ti yẹ lọ kó lè bá igun náà mu, tó bá sì di ọ̀sẹ̀ kejì, ike á súnkì padà, etí á ṣí, ìdọ̀tí á wọ ibẹ̀, ilà dúdú á yọ.

Ẹ tún bi í léèrè nípa abẹ. Àwọn kan máa ń fi kọ̀ǹpútà gé ike ní ìwọ̀n ọkọ̀ yín ṣáájú, àwọn mìíràn máa ń tẹ́ odindi ike lé ọkọ̀ kí wọ́n tó fi abẹ gé etí rẹ̀. Ọ̀nà kejì lè bo etí dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá gbọ̀n díẹ̀ á gé ọ̀dà mọ́ ike, ẹ kò sì ní rí i títí di ọjọ́ tí ẹ bá bó o. Ẹ ní kó fi ọkọ̀ tó ti ṣe ní ọdún méjì sẹ́yìn hàn yín. Èyí tó parí láàárọ̀ yìí kì í sọ òótọ́.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tuntun, ẹ má jẹ́ kó kọ́kọ́ wọ pópó. Láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á ni kó ti lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún apá kan kùn ni, pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Ẹ fún ọ̀dà náà ní oṣù kan ó kéré tán, èyí tí akunmọ́tò bá ní kó dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kó dúró, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde tán. Lẹ́yìn tí wọ́n bá lẹ ike, omi díẹ̀ lè ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ bí ìkùukùu. Á gbẹ, ẹ má fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fọ ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí ẹ bá sì ń fi ẹ̀rọ omi alágbára fọ̀ ọ́ nígbàkigbà, ẹ má kọ ẹnu rẹ̀ sí etí ike.

Ẹni tó sì ní ọkọ̀ asáré tí kì í kúrò nínú gáréèjì, tó jẹ́ pé ọjọ́ àjọ̀dún nìkan ló ń rí oòrùn, kí ló fẹ́ fi ike ṣe? A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọkọ̀ tó ń jókòó kì í rí òkúta, ṣùgbọ́n rọ́bà táyà rẹ̀ ń gbó níbi tó wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ṣì dà bíi tuntun. Kí ẹni náà bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, kó wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2316 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló ní kí wọ́n pààrọ̀ táyà bó bá ti lé ní ọdún mẹ́fà. Kó fi owó ike ra táyà mẹ́rin ná, kó tó gbé ọkọ̀ náà sórí eré.